Ilé Wo Ni Kí Obìnrin Padà Sí?

A fẹ́ sọ èrò ọkàn wa nínú ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí lórí ọ̀ràn kan tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. A kò kọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni, a kò sì kọ ọ́ láti fi hàn pé a gbọ́n ju àwọn tí ó bí wa lọ. Àwọn àgbà wa ni ó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí: àwọn ìyá wa rí ohun tí àwa kò tí ì rí, bóyá àwa pẹ̀lú rí ohun kékeré kan nínú kèrègbè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn ìyá mẹ́ta wá bá wa sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngán kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹgbẹ́ wọn gbà pé ọkọ, ọmọ àti ilé ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lé obìnrin lọ́wọ́. Èyí tí ó ṣe olórí wọn jẹ́ olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún wa pé ọjọ́ tí obìnrin kọ ilé sílẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé ìdí ààrò ni ipò wọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba ńlá wa. Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń béèrè òfin tí yóò sọ ọkùnrin àti obìnrin di ọgba. Ọ̀rọ̀ tí ó fi parí ni pé, kí obìnrin padà sílé. Àwọn kan nínú wa pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn dákẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí yàrá ibùsùn kan tí a kò ti jiyàn títí àtùpà fi kú.

Kí a tó sọ ibi tí a kò ti fara mọ́ wọn, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí òótọ́ wọn wà, nítorí òótọ́ náà kò kéré. Àwa tí a rán lọ sí Ìkòròdú láti fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò fi ojú ara wa rí i. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí níbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà ní Èkó. Lóòótọ́ ni àwọn ọkọ̀ BRT ti ń gba ojú ọ̀nà tiwọn láti Mile 12 dé Ìkòròdú láti oṣù kọkànlá ọdún 2015. Síbẹ̀, ẹni tí yóò bá dé Erékùṣù Èkó lásìkò gbọ́dọ̀ jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, òkùnkùn ni yóò sì bá a padà. Ọmọ ń sùn nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, ó tún ti sùn nígbà tí ó wọlé. Ọmọ kan nínú kíláàsì wa kì í rí àwọn òbí rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé kò níláti béèrè ohun tí ń dun àwọn ìyá wa. Ilé tí kò sí ẹnì kan tí yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Kí ni ẹ kọ́ lónìí?" ilé náà kò tí ì tó ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀rọ̀ kan tìfẹ́tìfẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Nígbà tí wọ́n ní kí obìnrin padà sílé gẹ́gẹ́ bí àṣà, ilé wo ni wọ́n ní lọ́kàn? Ta ni ó gbé inú ilé náà rí? Ṣé ilé àwọn ìyá ìyá wa ni, tàbí ilé àwọn ẹlòmíràn tí a fi hàn wá nínú àwòrán?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti kùtùkùtù ni àwọn apẹja ń ti orí ọ̀sà dé. Iṣẹ́ ọkùnrin ni láti pa ẹja. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni ẹja bọ́ sí. Obìnrin ní í ná an, obìnrin ní í yan án lórí ààrò, obìnrin ní í rù ú lọ sí Ọjà Olúwo, obìnrin ní í sì fi èrè rẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Ní ayé àtijọ́, ọjà ńlá tí ó wà ní Èjìnrìn, lẹ́bàá ọ̀sà, ni àwọn ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé. Bí kò bá sí obìnrin níbẹ̀, kò sí ọjà. Ìkòròdú náà kò yàtọ̀. Kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó máa lọ sí Èkó tààrà, etí omi ní Ìkòròdú ni a ti ń sọ ẹrù tí ó ti Rẹ́mọ wá, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sọdá. Gàrí àti fùfú tí Èkó ń jẹ, ọwọ́ àwọn ìyá ni ó ń gbà kọjá.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ sí ọkọ. Nígbà tí ọkùnrin bá gbé ìyàwó wọlé, ó jẹ́ ara ojúṣe rẹ̀ láti wá owó tí ìyàwó yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Àpò ọkọ ọ̀tọ̀, àpò aya ọ̀tọ̀. Aya a máa dá èésú, a máa dá àjọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó kọ ilé sílẹ̀. Ní ilé olóbìnrin púpọ̀, ọrùn ìyá ni ẹrù àwọn ọmọ rẹ̀ wà, òwò ni ó sì fi ń gbé e. Obìnrin tí kò bá ní ìṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ.

Ní Ìkòròdú, a tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí àṣà ń sé obìnrin mọ́lé. Ọjọ́ Orò ni. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọjà, ìgboro a sì dá. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn baba ńlá wa fẹ́ kí obìnrin jókòó sínú ilé, kí ni wọ́n tún ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún, tí wọ́n sì ń kéde rẹ̀?

Àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn pẹ̀lú mọ̀ pé obìnrin ilẹ̀ wa ní àpò tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1940, wọ́n ṣe òfin pé kí obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó orí. Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ìyá tí ń ta ẹja, tí kò kàwé, tí ó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà ní Èkó, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ariwo náà pọ̀, ìjọba gbé iye náà sókè sí £200, débi pé obìnrin díẹ̀ ni ó kàn. Ìyá yìí kò jà láti di ọkùnrin. Ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún ni owó tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ.

Bí èyí bá jẹ́ àṣà wa, níbo ni àwòrán obìnrin tí ń jókòó de owó ọkọ ti wá? A níláti sọ òótọ́, àní bí ó tilẹ̀ kan àwa tí ilé ìwé ìjọ tọ́ dàgbà. Ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1879. Kí Ọlọ́run san án fún wọn, nítorí láìsí wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa kì bá tí mọ ìwé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé náà ni ìlànà ilé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé: ọkọ ní ibi iṣẹ́, aya nínú ilé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti dùùrù. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1884 fi ìdí irú ilé bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Onímọ̀ ìtàn kan, Kristin Mann, kọ ìwé lórí àwọn ìdílé wọ̀nyí ní ọdún 1985. Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn wọn ni pé àwọn ìyàwó tí wọ́n fi òwò sílẹ̀ láti di ìyá ilé ni ó kọ́kọ́ mọ ewu rẹ̀: nígbà tí ọkọ bá kú, tàbí tí ó bá yí ojú sí ìta, kò sí ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún padà wá iṣẹ́ ṣe. Àlejò ni àṣà náà; bí ó bá fẹ́ bá wa gbé, kí ó bá wa gbé, ṣùgbọ́n kí ó má pe ara rẹ̀ ní onílé.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dá obìnrin dúró nínú ọgbà pẹ̀lú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ṣí Ìwé Òwe, orí 31, kí ẹ tún un kà. Obìnrin rere tí a ń yìn nínú ìgbéyàwó gbogbo wà níbẹ̀: ó ń ra oko, ó ń gbin ọgbà àjàrà, ó ń hun aṣọ, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Bí a bá mú un wá sí Ẹ̀pẹ́, Ọjà Olúwo ni a óò ti bá a. Àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n pọ̀ ní ìlú náà láti ìgbà pípẹ́, mọ̀ pé Hadija, aya àkọ́kọ́ Ànábì Muhammadu, jẹ́ oníṣòwò ńlá, àti pé iṣẹ́ òwò rẹ̀ ni Ànábì ń bá a ṣe kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn.

Ẹnì kan lè wí pé, kí ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan àwa olùkọ́? Ó kàn wá gidigidi. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tí a ń dánra wò ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. A ní kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún kọ àròkọ lórí "Iṣẹ́ Ìyá Mi." Ọmọbìnrin kan, tí ó mọ ìwé dáadáa, kọ ọ́ báyìí: ìyá mi kì í ṣiṣẹ́, ó ń jókòó sílé. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí a mọ ìyá náà. Ìdí ààrò ẹja ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Òun ni ó ra bàtà tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọmọ náà, òun ni ó sì san owó ìwé tí ó fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. A bi ọmọ náà léèrè pé kí ni ó dé tí ó fi kọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé kíkà rẹ̀, ó sì na ìka sí àwòrán kan. Bàbá gbé àpò dání, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ìyá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó so aṣọ ìdáná mọ́ ìdí, ó ń juwọ́ sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí ìwé sọ ni ọmọ gbà, kò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwa ni a fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Bí ọmọ bá kọ́ láti fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ìyá rẹ̀ nílé ìwé, a kò tí ì kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ fún ilé. A ti kọ́ ọ ní ìtìjú ilé. Nígbà tí àwọn ìyá wa wá sọ fún wa pé kí a kọ́ ọmọbìnrin ní ipò rẹ̀, àwòrán yẹn ni ó padà sí wa lọ́kàn. Ìdí nìyí tí a kò fi pàtẹ́wọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí a fẹ́ kí àwọn ìyá wa rò. Àwọn obìnrin tí ó ṣe alágbàwí ilé jù lọ kò jókòó sílé láti ṣe é. Ní ọdún 1876 ni Mary Sumner dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí ó fi rán àwọn obìnrin náà padà sílé, tí ó sì ní kí wọ́n tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1885 ó dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àpéjọ ìjọ ní Portsmouth, ó sì sọ̀rọ̀. Mary Ward, tí ó ṣe aṣáájú àwọn obìnrin tí ó lòdì sí ìdìbò obìnrin ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1908, ìwé ìtàn àròsọ ni ó ń kọ tà, owó rẹ̀ sì ni ó gbé apá púpọ̀ nínú ìnáwó ìdílé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Phyllis Schlafly bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ọdún 1972 láti dènà àtúnṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba, títí gbèdéke rẹ̀ fi kọjá ní ọdún 1982. Ó bí ọmọ 6. Síbẹ̀ ó du ipò aṣòfin, ó kọ ìwé púpọ̀, ó sì gba oyè ìmọ̀ òfin ní ọdún 1978.

Nílé wa níhìn-ín, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1901, nítorí ikú àwọn ọmọ ọwọ́. Ọ̀ràn ìyá àti ọmọ ni iṣẹ́ wọn. Obìnrin kan náà ni ó tún fi ọkọ̀ akérò sí ìgboro Èkó. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, ẹgbẹ́ FOMWAN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ń gbèjà ìdílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, ó sì ń dá ilé ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú. Alhaja Latifat Okunnu, tí ó ti ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ náà, tún ṣe igbákejì gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. A kò sọ èyí láti pè wọ́n ní àgàbàgebè. Rárá o. A ń yìn wọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti lè fi ẹsẹ̀ kan wà nílé, kí ó fi ẹsẹ̀ kejì wà ní ìta, tí ilé rẹ̀ kò sì tú, kí ni ó dé tí kò fi lè fi ọ̀nà kan náà han ọmọbìnrin ẹja?

Ní ti òfin tí àwọn ìyá wa bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2016, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ àbá òfin tí Sẹ́nétọ̀ Abíọ́dún Olújìmí gbé wá lórí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀sìn àti àṣà ni àwọn tí ó takò ó tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin tún dìbò lòdì sí àwọn àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ tí ó kan obìnrin, títí kan èyí tí ìbá yà ìjókòó sọ́tọ̀ fún wọn nínú ilé ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà kò dára, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò gbà ni pé kí a fi orúkọ àṣà kọ̀ ọ́, nígbà tí àṣà náà kò gba obìnrin láyè láti jókòó lásán rí.

Nítorí náà, bí àwọn ìyá wa bá ń jà fún ilé, a fẹ́ bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí a jà fún ohun tí ó mú ilé àtijọ́ dúró. Ohun mẹ́ta ni. Èkínní, iṣẹ́ ìyá kò jìnnà sí ilé: ààrò ẹja wà ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ọwọ́ wà ní ẹ̀yìn, ọjà kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti ìjọ fún ibi ìtọ́jú ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àti fún owó òwò fún àwọn obìnrin Ìkòròdú tí ń lọ sí Èkó nítorí pé kò sí iṣẹ́ nítòsí. Èkejì, ìyá kò nìkan tọ́mọ: ìyá àgbà wà, ìyàwó baálé wà, gbogbo agboolé ni ó ń bá ọmọ wí. Ọmọ inú yàrá kan ní Ìkòròdú lónìí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àti ẹ̀rọ tẹlifóònù.

Ẹ̀kẹta ni baba. Nínú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ní gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dàbí ẹni pé obìnrin nìkan ni ó jáde nílé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà tí ó gbé ìyá lọ sí Èkó ni ó gbé baba. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti mọ èyí. Ní ọdún 2014 ni ó fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ìyá tí ó bímọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ 10 fún baba, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú fi ọjọ́ 14 fún àwọn baba tí ó wà lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Irú òfin báyìí ni ó ń kọ́ ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìbá sọ pé kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, a ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ yóò fi dùn wá.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ dùn tán. Ẹrù tí ó wà lórí àwọn ìyá ìyá wa wúwo ju ohun tí ó yẹ kí ọrùn kan gbé lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní àyè láti mọ ìwé. Èyí gan-an ni ó yẹ kí a sọ fún àwọn tí ń gbé àtijọ́ gẹ̀gẹ̀. Bí a bá mú òwò kúrò lọ́wọ́ obìnrin, tí a sì fi ẹrù náà sílẹ̀ lórí rẹ̀, a kò dá àṣà padà; ìdajì àṣà ni a dá padà, ìdajì tí ó le.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò gba kíláàsì tirẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ìyá wọn. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé ìyá òun kì í ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fi ìlà pupa fà á nìkan. Ẹ ní kí ó lọ sílé, kí ó jí ní òwúrọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kí ó ka gbogbo ohun tí ìyá náà fi ọwọ́ ṣe títí di alẹ́, kí ó sì kọ ọ́ wá. Ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ni ó kọ kún. Ní ìsàlẹ̀ ìkẹta ni ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, ìyá òun kò sì tí ì jókòó.